Ulé Tí Ọmọlangidi Ń Wá

Òórùn pákó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá àti ti gọ́ọ̀mù ló máa ń kọ́kọ́ pàdé ẹni ní ṣọ́ọ̀bù bàbá ọlọ́mọlangidi ní Ṣógúnlé. Ìwọ náà á rántí ìgbà tí owó epo dé, tí ẹ̀rọ ń wọlé láti òkè òkun fún àwọn ilé-iṣẹ́ Ìsọlọ̀. Àpótí pákó tí wọ́n fi kó ẹ̀rọ wọ̀nyẹn wá ni bàbá yìí, tó jẹ́ káfíńtà, máa ń ṣà lọ gbẹ́ ọmọlangidi. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, á wá sí ilé-ìwé wa ní Ìsọlọ̀, á ta aṣọ dúdú, á jókòó sẹ́yìn rẹ̀, á sì máa fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ darí wọn.

Tíṣà ni mí níbẹ̀, ọmọ Ẹ̀gbá, mo sì gbọ́n lójú ara mi. Wọ́n mú ọmọdébìnrin kan wá sí kíláàsì mi láti Èkìtì. Mo bi í pé kí ló yà sínú ìwé rẹ̀.

"Ulé ni, mà."

"Ulé kọ́. Ilé ni! Tún un pè."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ohun tó ń dùn mí dòní nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, ọmọ yìí ò sọ̀rọ̀ mọ́ nílé-ìwé. Odindi oṣù kan! Bàbá rẹ̀ wá bá mi, fìlà lọ́wọ́, ó ní bí táàmù bá parí tí kò tíì sọ̀rọ̀, òun á dá a padà sábúlé, kó máa bá ìyá òun lọ sóko.

Ọkàn mi ò balẹ̀. Mo lọ sí Ṣógúnlé, mo ro gbogbo rẹ̀ fún bàbá ọlọ́mọlangidi, títí kan ẹ̀rín tí mo rín. Ó gbé ọ̀bẹ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Tíṣà, ará Èkìtì lèmi náà. Ẹ̀rù ẹ̀sín ló jẹ́ kí n máa sọ̀rọ̀ bí ará Èkó." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ fi sílẹ̀ fún mi. Àmọ́ ẹ má bínú sí mi o."

Mi ò mọ ohun tó fi ń bẹ̀ mí sílẹ̀, àfìgbà tó di ọjọ́ Ẹtì. Ọmọlangidi méjì ló jáde: ìyá arúgbó kan tó rẹrù, àti tíṣà kan tó wé gèlè gẹ́lẹ́ bí tèmi.

"Ẹ jọ̀ọ́, ulé mi dà?" ni ìyá arúgbó bèèrè.

"Ulé kọ́! Ilé ni!"

"Mi ò wá ilé. Ulé ni mò ń wá."

Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ń wò mí. Ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu kí n wọlé sí i. Ìyá arúgbó wá kọjú sí àwọn ọmọ: "Ṣé kò sẹ́ni tó mọ ulé níbí ni?"

Ọmọdébìnrin yẹn dìde lẹ́yìn kíláàsì. "Ìyá Àgbà," ó wí, "ẹ jẹ́ á lọ sí ulé wa."

Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Mo lọ bá a, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú lójú gbogbo wọn, mo ní, "Mo ṣẹ̀ ọ́. Má bínú." Kí táàmù tó parí, èmi ni mò ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dákẹ́! Nígbà tí bàbá rẹ̀ gbé iṣu wá láti dúpẹ́, mo ní kó gbé e lọ sí Ṣógúnlé.

Bàbá ọlọ́mọlangidi ti dolóògbé. Èrò tó wá síbi ìsìnkú rẹ̀ ò gba inú àdúgbò, oníkálukú ló sì ń sọ ohun tí bàbá náà ṣe fún un. Mo dúpẹ́ pé mo mọ̀ ọ́n. Ó pẹ́ tí mo fi kọ́ ọmọ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ulé yẹn, bí ọmọ tuntun bá sì wọlé, mo máa ń tọ́ka sí nǹkan, màá bi í pé, "Báwo lẹ ṣe ń pè é nílé yín?" Abẹ́òkúta ni wọ́n ti fún mi níwèé-ẹ̀rí, àmọ́ ọjọ́ Ẹtì yẹn ni mo tó di tíṣà.