Mọ́tò Tí Bàbá Mi Gé Bí Aṣọ

Nígbà tí mo wà ní kékeré, mọ́tò kan gba ẹ̀yìnkùlé wa ní Èjìgbò lọ́wọ́ àwọn adìẹ. Ó ti forí sọ igi lójú ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ kí ó tó di tiwa, apá òsì iwájú rẹ̀ sì ti rún wómúwómú. Wọ́n wọ́ ọ délé ni. Màmá mi rí i, ó káwọ́ lérí.

Télọ̀ ni bàbá mi, Àbíjàn ló ti kọ́ṣẹ́. Ó ní kí la fẹ́ gbé mọ́tò lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì ṣe, nígbà tí òun tó ń rán kóòtù wà nílé. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣiyèméjì, yóò fi Faransé dá a lóhùn pé, "Sa va alé," ìyẹn ni pé yóò dáa. Bí ẹ bá gbọ́ ọ lẹ́nu télọ̀ tó gbé òòlù dání, ẹ sá.

Bí mo bá ti ilé kéú dé, èmi ni mo máa ń ha ọ̀dà àtijọ́ kúrò lára rẹ̀. Ọwọ́ mi ń rùn fún bẹntiróòlù débi pé ẹ̀bà pàápàá ń ta sánsán rẹ̀. Bàbá fi ọmọ odó lu irin títí ó fi là sí méjì, a kò sì jẹ iyán fún ọ̀sẹ̀ kan. Bí kò bá sí nílé, èmi àti àwọn ọmọ àdúgbò a ó jókòó sínú mọ́tò, a ó wà á dé Àbíjàn láì kúrò lójú kan. Ọjọ́ tó ká mi mọ́ ibẹ̀, mo kúnlẹ̀ títí orúnkún mi fi bó.

Ẹ gbọ́ bó ṣe tún un ṣe. Ó tẹ́ bébà àpò sìmẹ́ńtì lé apá ọ̀tún tó dá ṣáká, ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà, ó gé e. Ó wá yí bébà náà padà sí apá òsì, ó sì lu irin títí tó fi bá bébà mu. Bí wọ́n ṣe ń gé ọwọ́ ẹ̀wù méjèèjì kí ó má baà yàtọ̀ síra nìyẹn.

Bàbá Múfú, àgbà mẹkáníìkì àdúgbò wa, yà wò ó, ó sì bẹ̀rẹ̀ wo ìsàlẹ̀. Ó fi orúkọ mi pe bàbá mi. Ó ní, "Bàbá Ramọ́tù, ara lẹ ń wò. Ẹ na téèpù sábẹ́ rẹ̀, láti iwájú ọ̀tún dé ẹ̀yìn òsì, kí ẹ tún na òdìkejì. Bí méjèèjì ò bá dọ́gba, egungun rẹ̀ ti wọ́ nìyẹn, ẹ má gbé ènìyàn sí i o."

Bàbá mi rẹ́rìn-ín. "Ṣé abẹ́ aṣọ ni wọ́n ń wò lóde ni?"

Ọjọ́ kejì Iléyá, ó ní a ó lọ kí ìyá màmá mi ní Ìsundunrin. Màmá mi kò fẹ́ wọ̀ ọ́. Bàbá ní bí kò bá wọ̀ ọ́, òun gbé nìyẹn, ojú ti òun. Màmá gbé Kàmọ́rù, àbúrò mi tí kò tíì rìn, lé ẹsẹ̀, ó sì jókòó síwájú. Mo wà lẹ́yìn. Láti Èjìgbò ni mọ́tò náà ti ń fẹ̀gbẹ́ rìn bí akàn. A dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, ó fà sí òsì. Bàbá ń yí ọwọ́ sí ọ̀tún, mọ́tò kò gbọ́. Ó já wọ inú oko ẹ̀gẹ́, ó sì forí sọ ògán.

Jígí iwájú fọ́ dà sórí màmá mi. Ó dojú bolẹ̀ lé Kàmọ́rù, n kò sì gbọ́ ohùn ọmọ náà. Ìbẹ̀rù mú mi, mo rò pé ó ti kú. Ìgbà tó yá ni ọmọ náà bú sẹ́kún. Títí dòní, n kò tíì gbọ́ orin tó dùn tó ẹkún yẹn.

Bàbá jókòó sáàárín ẹ̀gẹ́, téèpù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Kò sọ pé "sa va alé" mọ́. Nígbà tí Bàbá Múfú tí a ránṣẹ́ pè dé, tó wọn abẹ́ mọ́tò lọ́jọ́ náà, ọ̀kan fi àtẹ́lẹwọ́ kan gùn ju èkejì lọ. Bàbá bọ́ téèpù náà, ó fún màmá mi, ó ní kí ó bá òun gbé e pa mọ́.

Bàbá ti lọ báyìí. Láyé òní, láti òkè òkun ni wọ́n ti ń ra mọ́tò tó ti ní ìjàǹbá, inú fóònù ni wọ́n sì ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe. Kàmọ́rù ra ọ̀kan, ẹ̀yìnkùlé yẹn náà ló ti tún un ṣe. Ó ń dán, mo rí ojú mi nínú rẹ̀. Iléyá tó kọjá, ó ní òun fẹ́ fi gbé Màámi lọ sí Ìsundunrin. Èmi fúnra mi ti gbé kúlà ẹran sí bùútù.

Màámi wọ yàrá lọ, ó mú téèpù Bàbá tí nọ́ńbà rẹ̀ ti ń pa rẹ́ jáde. Ó ní, "Wọn abẹ́ rẹ̀."

"Màámi, mọ́tò òde òní nìyí o."

"Mo ní kí o wọn ọ́n."

Kàmọ́rù rẹ́rìn-ín, ó tẹ́ ẹní, ó wọ abẹ́ mọ́tò. Mo di ẹnu kejì téèpù mú. A wọn ọ́n, Kàmọ́rù ní ká tún un wọ̀n. Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu rẹ̀. Nígbà èwe wa, a kì í wo abẹ́ mọ́tò. Lónìí náà, a kì í wò ó, dídán rẹ̀ ló kàn pọ̀ sí i.

Màámi kò bèèrè iye tó fi yàtọ̀. Ó tú gèlè rẹ̀, ó gba téèpù lọ́wọ́ mi, ó ká a, ó sì ní kí n lọ gbé kúlà wọlé.