Oògùn Dídùn Ní Ilé Bàbá Ìyá Mi

Mo rọra ń kọ èyí, nítorí mi ò fẹ́ kí ẹni tí àìsàn yìí ń bá jà kà á kó wá rò pé mo mọ ohun tó lè wò ó sàn. Mi ò mọ̀ ọ́n. Ilé ìwé Mọ́dà ni mo kà dé, iṣẹ́ aránṣọ ni mo sì fi ń jẹun. Ohun tí mo mọ̀ ni pé wọ́n ti gé ọmú mi kan, mo ṣì wà láàyè, ẹ̀rù sì máa ń bà mí. Bí ẹ̀yìn bá ń dùn mí nítorí pé mo pẹ́ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ohun tí ọkàn mi kọ́kọ́ ń sọ ni pé ó ti padà dé. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, n kì í ronú nípa ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi. Iléṣà ni ọkàn mi máa ń lọ, sí ilé bàbá ìyá mi, ní ọdún tí ìyá mi fi ṣe irú àìsàn kan náà.

Òkè Baálẹ̀ ní Òṣogbo ni a gbé dàgbà. Rélùwéè ni bàbá mi ń bá ṣiṣẹ́. Ìyá mi ń ta abọ́ tánganran ní Ọjà Ọba. Bí mo bá di ojú mi báyìí, mo ṣì ń gbọ́ bí àwọn abọ́ náà ṣe ń ró nígbà tí a bá ń tò wọ́n ní àárọ̀, àti fèrè ọkọ̀ ojú irin láti ọ̀nà jíjìn, tí ìyá mi yóò sọ pé, “Bàbá yín ló ń kí wa yẹn,” bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ́fíìsì ni bàbá mi máa ń jókòó sí, kì í wa ọkọ̀ kankan. Ayé ìgbà náà rọrùn lójú mi. Bóyá kò rọrùn lójú àwọn òbí mi, mi ò lè sọ.

Ìyá mi fi kókó tó wà lọ́mú rẹ̀ pa mọ́ fún gbogbo wa. Nígbà tí bàbá mi fi máa mọ̀, ó ti di egbò. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọ kan lápá Iléṣà, nítorí pé ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni ìyá mi, àwọn èèyàn rẹ̀ sì nígbàgbọ́ nínú ibẹ̀. Dókítà òyìnbó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ó ti kọjá ohun tí ọ̀bẹ lè ṣe. Bàbá mi béèrè pé kí ni kí àwọn wá ṣe. Nọ́ọ̀sì tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ dá a lóhùn.

“Bàbá, wọ́n ní àwọn ò lè lé àìsàn náà lọ. Ṣùgbọ́n àwọn lè gba ìrora lára wọn. Ẹ gbé wọn lọ sílé. Àwa ni a ó máa wá bá wọn níbẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ náà ṣàjèjì sí wa. Ohun tí a mọ̀ ni pé ilé ìwòsàn a máa wo èèyàn sàn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn a ní kí ẹ wá gbé òkú yín. A ò tíì rí ibi tí dókítà ti ń gbà pé agbára òun ti pin, tí yóò sì tún máa tẹ̀ lé aláìsàn dé ilé.

Lẹ́yìn náà ni ètò náà wá yé wa. Ẹgbẹ́ aláàánú kan ní ìlú òyìnbó ló ń fi oògùn ìrora ránṣẹ́, àwọn náà ló ra Landirófà tí nọ́ọ̀sì ń gùn káàkiri. Àwọn obìnrin ìjọ ní Iléṣà ló ń ṣe ìyókù. Wọ́n ń fọ aṣọ egbò, wọ́n ń pọn omi, wọ́n ń bá aláìsàn jókòó. Àwọn tí kì í jọ́sìn pọ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi wá di ẹni tó jọ ń fún aṣọ lẹ́bàá kànga kan náà. Nọ́ọ̀sì a máa lọ títí dé Iperindo, níbi tí bàbá kan tó ti fi ìgbà kan wa góòlù dùbúlẹ̀ sí. Tó bá ti ibẹ̀ bọ̀, erùpẹ̀ pupa á ti bo funfun aṣọ rẹ̀, ìyá mi á sì sọ fún un pé, “Nọ́ọ̀sì mi, ṣé ìwọ náà bá wọn wa góòlù ni?”

Bàbá mi kò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀, nítorí náà èmi ni mo bá ìyá mi lọ sí Iléṣà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ kíkọ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá mi ni. Ilé alámọ̀ ni ilé bàbá ìyá mi, òrùlé páànù, òdẹ̀dẹ̀ rẹ̀ gùn, ó sì tutù nínú oòrùn ọ̀sán bí inú àmù. Àwọn ìyá ilé a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí pé mi ò gbọ́ Ìjẹ̀ṣà dáadáa. “Ọmọ Òṣogbo,” wọn á ní, “ìwọ tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń ka Bíbélì.” Kò sí ẹni tó ń dárúkọ àìsàn náà nínú wọn. “Egbò” ni gbogbo wa ń pè é, bí ẹni pé ìyá mi fi ẹsẹ̀ kọ òkúta ni.

Kí oògùn tó dé, ìyá mi kì í sunkún. Etí aṣọ ìró rẹ̀ ló máa ń gé jẹ. Bí mo bá ń fọ ìró náà, mo máa ń rí ojú eyín rẹ̀ lára rẹ̀. Ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ gbé ìgò wá, ó wọn díẹ̀ sínú ife kékeré kan, ó fi hàn mí bí mo ṣe máa wọ̀n ọ́n, pé àárọ̀, ọ̀sán, ìrọ̀lẹ́ àti kó tó sùn ni, pé kí n má ṣe dúró de ìgbà tí ìrora bá padà dé. Ìyá mi mu ún. Ó lá ètè rẹ̀.

“Ó dùn,” ó ní. “Ṣé oògùn ni ẹ pè é?”

“Oògùn ni, Màmá. Omi ṣúgà ni wọ́n pò mọ́ ọn, kó lè rọrùn láti gbé mì.”

Nígbà tí oòrùn fi máa wọ̀, ìyá mi ti sùn, ó ti jí, ó sì béèrè ẹni tó ń gúnyán. Mi ò lè sọ bí inú ilé yẹn ṣe rí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ìyá Àgbà, tó jẹ́ àbúrò bàbá ìyá mi, tó sì dàgbà jù lọ nínú ilé, fúnra rẹ̀ ló bó iṣu. Ìyá mi jẹ òkèlè díẹ̀, ó sì ní ọbẹ̀ náà kò níyọ̀. Gbogbo wa ń rẹ́rìn-ín nítorí pé ó rí ohun bá wí.

Láti ìgbà náà ni àlejò ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Ìyá mi á jókòó sí òdẹ̀dẹ̀, á fẹ̀yìn ti ògiri, àwọn ìyá ilé àti àwọn obìnrin ìjọ á yí i ká. Bí àsìkò oògùn bá tó, mo máa ń gbé ìgò àti ife jáde. Níbẹ̀ ni ọ̀ràn ti wọlé. Nílé bàbá ìyá mi, kò sí ẹni tó ń gbé nǹkan sẹ́nu lójú èèyàn tí kò ní sọ pé “ẹ wá bá mi jẹ ẹ́.” Tó bá jẹ́ àgbo ni, kò sí ẹni tí yóò dá a lóhùn, nítorí àgbo ewúro korò, orí ẹni tó ni àìsàn ló wà. Ṣùgbọ́n èyí dùn, inú ìgò ló sì wà, ìlú òyìnbó ló ti wá. Lójú wọn, ohun mímu ni.

“Ẹ tọ́ ọ wò,” ìyá mi á ní.

Wọn á tọ́ ọ wò. Ẹnìkan á ní ìdí ti ń dun òun láti àná. Òmíràn á ní eékún ni tòun. Mo sọ fún ìyá mi pé nọ́ọ̀sì kò ní ká fún ẹlòmíràn. Ó wò mí.

“Kí n wá máa dá mu ún lójú àwọn tó ń fọ egbò mi? Wọn ò ní pè mí ní anìkànjẹ nílé bàbá mi.”

Lọ́jọ́ kan, Ìyá Àgbà mu tirẹ̀, ó tún béèrè òmíràn. Ó sùn sórí àga ní òdẹ̀dẹ̀. Wọ́n ṣe ìpàdé ẹgbẹ́ obìnrin yí i ká, wọ́n kọrin, wọ́n gbàdúrà, wọ́n jẹun tán, kò jí. Nígbà tó jí, ó ní àwọn ọmọ òde òní kì í bẹ̀rẹ̀ ìpàdé lásìkò. A rín ẹ̀rín títí. Nísinsìnyí tí mo mọ ohun tó wà nínú ìgò yẹn, ẹ̀rín náà kì í pẹ́ lẹ́nu mi mọ́.

Ìgò náà sì gbẹ kí nọ́ọ̀sì tó padà wá. Ìrora dé bí ẹni tó ti ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Mo tún rí i tí ìyá mi gé etí ìró rẹ̀ jẹ. Ó lé gbogbo àlejò, ó ní kí wọ́n máa bínú, ó sì kọjú sí ògiri. Mo dúró lójú títì láti àárọ̀, mò ń wo gbogbo ọkọ̀ tó bá ń bọ̀.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì dé, ó gbé ìgò náà sókè sí oòrùn, ó wò mí. Ìyá mi ló sọ̀rọ̀ láti orí ẹní.

“Má wò ó. Àwọn èèyàn mi ló bá mi mu ún.”

Nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní oògùn náà lágbára, ó lè mú àgbàlagbà tí ara rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n sùn títí èémí rẹ̀ yóò fi dúró. Ó ní òfin wà lórí rẹ̀, pé bí wọ́n bá gbọ́ pé a ń pín in nínú ilé kan, wọn ò ní gbé e wá síbẹ̀ mọ́.

“Ẹ máa mu ún nínú yàrá, Màmá. Ẹ ti ilẹ̀kùn.”

“Kí n máa sá pamọ́ mu nǹkan? Nílé yìí? Wọn á ní kí ni mò ń mu?”

Nọ́ọ̀sì fún un ní ti ọjọ́ náà, ó ní òun gbọ́dọ̀ sọ fún mátírọ́nì, ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì. Mo mọ ìyá mi. Bí wọ́n bá ní kó yàn láàrin oògùn náà àti àwọn èèyàn rẹ̀, mi ò mọ èyí tó máa yàn, mo sì mọ̀ pé kò lè ṣe láìsí èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Lọ́jọ́ kejì, mátírọ́nì òyìnbó fúnra rẹ̀ bá nọ́ọ̀sì wá, obìnrin gíga kan tí irun rẹ̀ ti ń funfun. Ó bá ilé tó kún fún àlejò. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí àwọn àgbà, wọ́n sì yìn ín. Àsìkò oògùn tó. Ìyá mi wọ̀n ọ́n, ó gbé ife náà sókè sí mátírọ́nì.

“Ẹ tọ́ ọ wò,” ó ní.

Nọ́ọ̀sì fọwọ́ bo ẹnu. Ó túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà. Mátírọ́nì gba ife, ó dì í mú, kò mọ ohun tó máa fi í ṣe. Ó dá a padà fún ìyá mi jẹ́jẹ́, ó sì sọ̀rọ̀ fún nọ́ọ̀sì fún ìgbà díẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní, “Màmá, wọ́n ní inú rere yín lèyí, ó yé àwọn. Ṣùgbọ́n àwọn ò fẹ́ gba oògùn yìí lọ́wọ́ yín. Kí ni ká ṣe?”

Ìyá mi mu ti inú ife náà.

“Ẹ yọ ṣúgà inú rẹ̀ kúrò,” ó ní. “Ṣé ó korò tí kò bá sí ṣúgà?”

“Ó korò gan-an, Màmá.”

“Ẹ jẹ́ kó korò.”

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà yé mátírọ́nì, ó wo ìyá mi lọ́nà tí mi ò tíì rí òyìnbó wo èèyàn wa rí. Nọ́ọ̀sì sọ fún mi lẹ́yìn náà pé àwọn tó wà ní òkè òkun ló dábàá ṣúgà náà nítorí àánú, pé mátírọ́nì yóò kọ̀wé sí wọn pé, ní ọ̀dọ̀ wa, kíkorò ni àánú náà.

Ìgò tuntun dé. Àwọn àlejò pé bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìyá mi gbé ife sókè, ó ní, “Ẹ tọ́ ọ wò.” Ìyá Àgbà ló kọ́kọ́ fi ìka kàn án sí ahọ́n. Ojú rẹ̀ fún pọ̀. Ó tutọ́ síta lójú fèrèsé.

“Ta ló ba nǹkan yìí jẹ́?”

“Oògùn ló ti dà, Ìyá,” ìyá mi dáhùn.

“Ó ti dà bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Máa mu ún, ọmọ mi. Olúwa á jẹ́ kó ṣiṣẹ́.”

Láti ọjọ́ náà, bí ìyá mi bá ní “ẹ tọ́ ọ wò,” gbogbo òdẹ̀dẹ̀ á dáhùn lẹ́ẹ̀kan pé “á gba ibi ire o,” òun á sì mu tirẹ̀ tán, lójú gbogbo wọn. Kò dá nǹkan kan jẹ. Ìgò náà sì ń tó títí nọ́ọ̀sì fi ń padà wá.

Ó lo oògùn náà títí ọyẹ́ fi mú, ọyẹ́ yẹn kò sì tán tí a fi sin ín. Mi ò lè sọ pé kò jẹ ìyà kankan. Ṣùgbọ́n mi ò tún rí ojú eyín lára ìró rẹ̀ mọ́. Èmi tí mò ń kọ èyí, tí mi ò mọ bí tèmi yóò ṣe rí, ohun tí mo máa ń tọrọ nígbà tí ẹ̀rù bá bò mí kò ju irú ọ̀sán kan ní ìgbẹ̀yìn àìsàn rẹ̀ lọ. Àwọn obìnrin náà jókòó yí i ká, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ọkọ ẹnìkan. Ìyá mi sùn lọ lórí ìjókòó, orí rẹ̀ lára ògiri. Wọ́n rí i, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ ohùn sílẹ̀, títí gbogbo wọn fi dákẹ́, tí a kò gbọ́ ohun mìíràn ju èèpo ẹ̀gúsí lọ.

Ìyá mi la ojú kan.

“Kí ló pa yín lẹ́nu mọ́?” ó ní. “Ọkọ náà ńkọ́? Ṣé ó padà wálé?”