Wọ́n Ní Afẹ́fẹ́ Ló Pa Bu Wuryanti

Bu Wuryanti, ìyẹn Ìyá Wuryanti, kú láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lórí bẹ́ǹṣì ilé ìtọ́jú ilé iṣẹ́ ìwádìí wa ní Semarang, lẹ́yìn tó ti jókòó síbẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta. Ìkéde tí ọ̀gá àgbà lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà sọ pé angin duduk ló pa á, ìyẹn afẹ́fẹ́ tó wọ ara, tó jókòó, tó kọ̀ tí kò jáde. Ẹ jọ̀ọ́, afẹ́fẹ́ wo?

Ọdún mọ́kàndínlógún ni obìnrin yìí fi tọ́jú sẹ́ẹ̀lì iṣan ọkàn nínú àwo pẹlẹbẹ, tó ń wá ohun tí kò ní jẹ́ kí wọ́n kú bí wọn ò bá rí afẹ́fẹ́ tó. Kódà lọ́jọ́ Lebaran, ọdún ìtúnu ààwẹ̀, á wá fún wọn lóúnjẹ. "Rọra ti ilẹ̀kùn," á ní, "àwọn ọmọ mi ń mí." Òun ló kọ́ èmi tí mò ń ṣiṣẹ́ ní yàrá kejì pé bí a bá gba afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ sẹ́ẹ̀lì fún ìṣẹ́jú díẹ̀, tí a dá a padà, tí a tún gbà á, tí a tún dá a padà, ara wọn á gbára dì. Bí èyí tó le bá wá dé, púpọ̀ nínú wọn á yè é. "Ṣùgbọ́n o, àbúrò, dídá a padà yẹn ni gbogbo rẹ̀. Bó o bá gbà á tí o ò dá a padà, ìwọ lo pa á."

Ẹni mẹ́ta ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn nígbà kan. Méjì lọ, ẹ̀yin ọ̀gá ò gba ẹlòmíì. Bu Wuryanti kọ̀wé tọrọ ìsinmi lẹ́ẹ̀mẹrin, ẹ ò fèsì. Àbí ẹ rò pé ara òun náà ń gbára dì ni? Ìgbà wo lẹ fẹ́ dá ìsinmi rẹ̀ padà?

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó di àyà mú, òógùn bò ó. Ó ní, "Àbúrò, ọkàn mi ni o." Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, afẹ́fẹ́ ló wọ̀ yín, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kì í jẹun àárọ̀." Mo fi òróró pa ẹ̀yìn rẹ̀, mo fi kọ́ìnì rúpíà ha á títí ó fi pọ́n, kí afẹ́fẹ́ lè jáde, bí gbogbo wa ṣe ń ṣe.

Nígbà tá a dé ilé ìtọ́jú, dókítà gbé bùláùsì rẹ̀ sókè, ó rí ìlà pupa wọ̀nyẹn, ló bá rẹ́rìn-ín. "Màmá, wọ́n mà ti bá yín ha á. Ẹ mu omi atalẹ̀ gbígbóná, kẹ́ ẹ jókòó."

Ẹ̀rọ tó ń yẹ ọkàn wò wà ní igun yàrá, aṣọ ni wọ́n fi bò ó. Bu Wuryanti nawọ́ sí i. "Dókítà, ẹ fi ìyẹn wò mí."

"Ọ̀gá àgbà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé, Màmá. Wọ́n sì wà nípàdé."

Ìpàdé kí ni? Ìpàdé ayẹyẹ ìwádìí wa lórí bí a ṣe ń dáàbò bo ọkàn. Orúkọ Bu Wuryanti ò sì sí nínú ìwé ayẹyẹ ọ̀hún, mo ti yẹ̀ ẹ́ wò.

Àìrí afẹ́fẹ́ ló pa ọkàn obìnrin yẹn, ẹ wá ní afẹ́fẹ́ ló pọ̀ jù lára rẹ̀. Níbi ìsìnkú, ọkọ rẹ̀, Pak Tukijan, bi mí pé, "Ṣé kò sí nǹkan tẹ́nikẹ́ni lè ṣe ni?" Mo sọ fún un pé ó wà. Inú ń bí mi, ojú sì ń tì mí.

Ẹ ya ìkéde yẹn. Ẹ kọ ọ́ pé ọkàn ló pa á, kẹ́ ẹ sì kọ orúkọ gbogbo ẹni tó jẹ́ kó jókòó síbẹ̀ títí ó fi kú. Tèmi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ: Pujiati, tó ń fi kọ́ìnì ha á lẹ́yìn nígbà tó ń sọ pé ọkàn òun ni. Ọ̀gá àgbà, tiyín ló kàn.