Ìnjíníà Ọbayẹmí àti Ṣíìpù Ẹlẹ́nu Mẹ́jọ

Ọjọ́ tí Ìnjíníà Hezekiah Ọbayẹmí sọ àwọn alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì di ọmọdé ni gbogbo àdúgbò Lokogoma ní Abuja mọ orúkọ rẹ̀. Ọjọ́ Ìsinmi kan ni, lọ́dún 2014, tí ṣọ́ọ̀ṣì wọn ń ṣe àjọ̀dún ọdún mẹ́wàá. Èrò pọ̀ ju àyè lọ, wọ́n bá pín wọn sí ibi mẹ́jọ. Àwọn alàgbà wà nínú gbọ̀ngàn, àwọn ọmọdé wà lábẹ́ kánópì lẹ́yìn ilé, àwọn tọkọtaya tuntun wà ní yàrá kan, àwọn tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ wà ní òmíràn, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ti gba ọ̀rọ̀ tó bá ìjókòó kọ̀ọ̀kan mu sílẹ̀ ṣáájú. Ìnjíníà wá kan àpótí kan tí yóò fi ọ̀rọ̀ mẹ́jọ ránṣẹ́ sí sípíkà mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan náà, tí ẹnikẹ́ni kò ní gbọ́ ti ẹlòmíràn.

Aago mẹ́wàá lù, ó tẹ bọ́tìnì. Nínú gbọ̀ngàn, níbi tí àwọn alàgbà ti ń retí ìtàn bí ṣọ́ọ̀ṣì ṣe bẹ̀rẹ̀, ohùn obìnrin kan jáde, ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé kí àwọn ọmọ dáadáa dìde, kí wọ́n fi ìka kan imú. Alàgbà Àjíṣafẹ́ ni alága wọn, ọ̀gá tó ti fẹ̀yìn tì ní iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó rò pé ara ètò ni. Ó dìde, ó fi ìka kan imú, àwọn alàgbà mọ́kànlá yòókù sì ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ̀lé e.

Lábẹ́ kánópì, àwọn ọmọdé jókòó jẹ́ẹ́, wọ́n ń gbọ́ bí ọkọ ṣe ń tu ìyàwó tó ń bínú lójú. Àwọn tọkọtaya tuntun ní tiwọn ń gbọ́ ìmọ̀ràn lórí orúnkún tó ń dunni. Ẹnìkan ya àwòrán Alàgbà pẹ̀lú ìka nímú, àwòrán náà sì ti dé Ìsánlú, ìlú rẹ̀, kí wọ́n tó ṣe oore-ọ̀fẹ́.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ pe Ìnjíníà lọ́sẹ̀ kejì, kò tọrọ àforíjì. Ó ṣàlàyé fún wọn pé iṣẹ́ òun pé. Ṣíìpù, hóró ẹ̀rọ kékeré tó wà nínú àpótí náà, ní ẹnu mẹ́jọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe é kì í pe ẹnu àkọ́kọ́ ní ení, òdo ni wọ́n ń pè é. Òun ní tòun ka iye láti ení, bí gbogbo ọmọ ènìyàn. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ kálukú fi yà sílé aládùúgbò rẹ̀.

Kì í ṣe ìnjíníà ní ti ìwé ẹ̀rí. Ọdún méjìlélógún ló fi tún rédíò ṣe ní iléeṣẹ́ ìjọba kan ní Abuja kí ó tó fẹ̀yìn tì. Adépéjú, ìyàwó rẹ̀, ló kọ́kọ́ fi oyè náà pè é, lọ́jọ́ tí ó tú fíríìjì ilé tí kò bàjẹ́ rárá, tó tò ó padà, tí nọ́ọ̀tì méje sì ṣẹ́ kù sílẹ̀. Adépéjú bi í léèrè ibi tí nọ́ọ̀tì náà ti wá. Ó dáhùn pé àwọn tó ṣe fíríìjì ló fi àṣejù sí i.

Lẹ́yìn tí ó fẹ̀yìn tì, ṣíìpù tó ń sọ òǹkà di iná ló gbà á lọ́kàn. Ẹni tó bá ṣèèṣì jókòó tì í nínú takisí yóò gbọ́ nípa rẹ̀ kí wọ́n tó dé ọjà Wuse. Kọ̀ǹpútà, ó ní, kò mọ̀ ju òǹkà lọ, bẹ́ẹ̀ etí ènìyàn kì í gbọ́ òǹkà. Ṣíìpù yìí ló dúró láàárín wọn. Ó ń gba òǹkà, ó ń sọ ọ́ di iná tó ń ga tó sì ń rẹlẹ̀, iná yẹn ni sípíkà fi ń sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò ní ju ẹnu kan tàbí méjì lọ, ṣùgbọ́n èyí tó ní ẹnu mẹ́jọ ló fẹ́ràn, torí pé ó lè sọ nǹkan mẹ́jọ pọ̀ láìsinmi. Adépéjú ní kò ya òun lẹ́nu. Ó ní wọ́n jọ ara wọn.

Ní Wuse, ọ̀dọ̀ Tàófíìkì ló ti ń ra ọjà. Ọmọ Kábbà ni Tàófíìkì, ó ń ta ẹ̀yà ara rédíò àti kọ̀ǹpútà nínú ṣọ́ọ̀bù tí kò fẹ̀ ju àkàbà lọ. Lọ́jọ́ kan, Ìnjíníà dán ṣíìpù kan wò níbẹ̀, ó rí i pé ẹnu kan nínú mẹ́jọ kò sọ̀rọ̀. Ó ní òun kò lè ra odi. Tàófíìkì ní méje yòókù ń sọ̀rọ̀. Wọ́n fà á láti àárọ̀ títí tí Tàófíìkì fi lọ kí ìrun Àsárì. Nígbà tí ó padà dé, ó bá Ìnjíníà lórí ìjókòó òun, ó ti tajà fún oníbàárà mẹ́ta, ó sì tà á wọ́n ju bí oníṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀ ṣe ń tà á lọ.

"Kai, Bàbá," ni Tàófíìkì wí, "ẹ máa mú ṣíìpù yẹn lọ. Ẹ ṣáà tún padà wá lọ́la."

Àárín Ìnjíníà àti Alàgbà Àjíṣafẹ́ nìkan ni kò tòrò mọ́. Ọmọ Ìsánlú ni àwọn méjèèjì, wọ́n jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Alàgbà ní àwòrán náà kò dun òun tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó dun òun ni pé ọ̀rẹ́ òun kò lè sọ pé òun jẹ̀bi. Ọdún méjì kọjá báyìí, wọn kò sì kí ara wọn ju "ẹ káàárọ̀" lọ.

Lọ́dún 2016, níbi ìpàdé àwọn ọmọ ìlú, wọ́n bi Alàgbà bóyá ó fara mọ́ ọn kí wọ́n yan akọ̀wé tuntun. Alàgbà dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó ní òun ti jẹun nílé. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ìnjíníà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó, ó ń wo ẹnu Alàgbà, ó sì ń wo bí Alàgbà náà ṣe ń wo ẹnu gbogbo ènìyàn.

Ó délé, ó sọ fún Adépéjú pé etí Àjíṣafẹ́ ti ń lọ. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ló bẹ̀rẹ̀ àpótí tuntun. Ó ní etí kì í dédé kú lẹ́ẹ̀kan náà. Ó lè pàdánù ohùn tín-ín-rín bíi ti ọmọdé, kí ó ṣì máa gbọ́ ohùn tó ki dáadáa. Nítorí náà, òun yóò pín ohùn sí ọ̀nà mẹ́jọ, láti orí èyí tó ki jù dé èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù, ṣíìpù ẹlẹ́nu mẹ́jọ yóò sì máa sọ fún ọ̀nà kọ̀ọ̀kan bí yóò ṣe ga tó. Nǹkan kan ṣoṣo ló kù. Ẹni tó ni etí gbọ́dọ̀ jókòó níwájú òun, kí ó máa sọ èyí tó gbọ́ àti èyí tí kò gbọ́.

Ó lọ sílé Alàgbà. Alàgbà pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kò sì yà fún un.

"Àjíṣafẹ́, etí rẹ ni mo bá wá," ni Ìnjíníà wí.

"Kò sí ohun tó ṣe etí mi. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo ń retí láti gbọ́ lẹ́nu rẹ, Hezekiah. Sọ ọ́, kí a jọ wọlé."

Ìnjíníà dúró. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ lẹ́yìn náà pé ọ̀rọ̀ náà dé orí ahọ́n òun, pé òun tilẹ̀ ya ẹnu. Ṣùgbọ́n ohun tó jáde ni àlàyé lórí bí òdo ṣe ṣáájú ení. Alàgbà ti ìlẹ̀kùn.

Ọdún kan ààbọ̀ ló kọjá kí Alàgbà tó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí i lórí fóònù. Kò mẹ́nu ba ẹ̀bi mọ́. Ó kàn bèèrè bóyá àpótí náà ṣì wà. Ìnjíníà ní ó wà, kí ó máa bọ̀ lọ́la. Alàgbà ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, torí pé òun ń lọ wo oko òun ní Abaji. Ọ̀sẹ̀ náà dé, wọ́n ń gbin iṣu lọ́wọ́. Ó tún di ọ̀sẹ̀ mìíràn, òjò bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà bàjẹ́. Ní ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù kẹrin ọdún 2018, Ìnjíníà jẹ oúnjẹ ọ̀sán tán, ó ní kí òun na ẹ̀yìn díẹ̀. Kò jí mọ́.

Níbi ìsìnkú, wọ́n sọ ìtàn rẹ̀ títí, àwọn ènìyàn ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń nu ojú. Iwájú pátápátá ni Alàgbà Àjíṣafẹ́ jókòó. Kò gbọ́ ìdajì ohun tí wọ́n ń sọ nípa ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bí àwọn yòókù bá rẹ́rìn-ín tán, òun náà á wá rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, Adépéjú gbé àpótí náà lọ bá a. Alàgbà ki íápíìsì bọ etí, ariwo lásán ló ń hó níbẹ̀ bí omi. Bọ́tìnì mẹ́jọ ló wà lójú àpótí náà, gbogbo wọn sì wà láàárín gbùngbùn, bí ẹni tó ṣe é ṣe fi wọ́n sílẹ̀ kí ẹni tó ni etí tó dé. Alàgbà yọ íápíìsì náà. Ó yíjú sí Adépéjú.

"Ìyá Ayọ̀midọ̀tun, mo jẹ́ kí ó dúró dè mí pẹ́ jù."

Adépéjú fa fóònù yọ. Ó kàn pe Tàófíìkì.

Tàófíìkì wá láti Wuse lọ́jọ́ Sátidé pẹ̀lú mítà tó fi ń yẹ wáyà wò. Ó tú ìdí àpótí náà, ó wò ó, ó ní wáyà kankan kò já. Ẹni tí yóò bá a tò ó ni kò sí mọ́, àfi kí àwọn máa bi etí léèrè. Ètò tí wọ́n ṣe ni pé kí Adépéjú máa sọ̀rọ̀, kí òun máa yí bọ́tìnì, kí Alàgbà máa na ọwọ́ bí ó bá gbọ́. Sátidé àkọ́kọ́, bọ́tìnì méjì ni wọ́n rí tò. Sátidé kejì, wọ́n dé ìkarùn-ún. Adépéjú ti ka Sáàmù tán, ó ti ka orúkọ gbogbo ẹbí, kò mọ ohun tí òun tún lè sọ mọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé kẹta ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti adìẹ. Ó ní lọ́dún kan, ṣíìpù kan dé láti òkè òkun, kò tóbi ju hóró ẹ̀wà lọ. Bàbá Ayọ̀midọ̀tun gbé e sórí tábìlì, kò rí i mọ́. Ó wo adìẹ tó ń kọjá, ó ní ojú rẹ̀ jọ ojú ọ̀daràn. Ó fi agbọ̀n dé e mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ó ń yẹ ìgbẹ́ rẹ̀ wò láràárọ̀ pẹ̀lú awò tó ń sọ nǹkan di ńlá. Tàófíìkì ń yí bọ́tìnì ìkẹjọ díẹ̀díẹ̀. Adépéjú ní lọ́jọ́ kẹrin, ọkọ òun bọ́ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ni òun bá rí ṣíìpù náà tó ha sí àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà, pẹ̀lú gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ti wọ̀ ọ́ lọ ìsìn, ó ti wọ̀ ọ́ lọ ọjà.

"Ó wá lọ ṣí agbọ̀n fún adìẹ yẹn," ni Adépéjú wí. "Mo gbọ́ ọ, ó rò pé mi ò sí nítòsí. Ó bẹ̀ ẹ́."

Alàgbà Àjíṣafẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Kò dúró de ẹnikẹ́ni kí ó tó rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń dà lójú rẹ̀, Tàófíìkì sì rọra mú ọwọ́ kúrò lára bọ́tìnì. Nígbà tí ẹ̀rín náà rọlẹ̀, Adépéjú dìde, ó ní ilẹ̀ ti ń ṣú, kí òun máa lọ sílé.

Alàgbà ní kí ó jókòó díẹ̀ sí i. Ó ní kí ó sọ òmíràn nípa Hezekiah, èyíkéyìí tó bá ti wá sí i lọ́kàn. Òun ń gbọ́.