Nígbà Tí Mo Lọ Fẹjọ́ Dókítà Sun Dókítà

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí mi ò tíì sọ fún èèyàn púpọ̀. Abẹ́òkúta níbí ló ti ṣẹlẹ̀ sí mi, nígbà ìjọba alágbádá, láyé ìgbà tí èèyàn ń tò lórí ìlà kó tó rí ṣúgà rà.

Àdúgbò Òwu ni mò ń gbé, nínú ilé tí ọkọ mi kọ́ kó tó kú. Abọ́ tánńganran àti ìkòkò ni mò ń tà. Ìbejì ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ọmọ bíbí, àwọn náà ni mo sì fi parí rẹ̀, nítorí náà kò sẹ́ni tó ń pè mí ní Mọ́dínátù mọ́. Ìyá Ìbejì ṣáá ni! Táyé wà ní Kano, Kẹ́hìndé wà ní Jos, wọ́n ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Ilé ńlá bẹ́ẹ̀, èmi nìkan. Tí mo bá ti kírun mọ̀gàríbì tán, màá tan rédíò sílẹ̀ kó máa sọ̀rọ̀. Kì í ṣe pé mò ń gbọ́ ohun tó ń sọ o. Kí ohùn èèyàn ṣáà wà nínú ilé.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ló gbé mi dé ọsibítù dókítà kan ní Ìgbẹ̀ìn. Ẹ ò lè mọ bí dókítà yìí ṣe níyì tó nígbà náà. Òun ló tọ́jú ọkọ mi títí ọlọ́jọ́ fi dé. Bó bá ń kọjá, àwọn àgbà a máa ṣí fìlà kí i. Ta ló fẹ́ gbọ́ pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe àṣìṣe?

Lọ́jọ́ kan tí mo lọ gba oògùn mi, èrò pọ̀. Nọ́ọ̀sì kígbe láti ojú fèrèsé pé, "Ìyá Ìbejì!" Mo dìde, mo dáhùn, ó na àpò pépà kékeré kan sí mi, mo dúpẹ́, mo bá tèmi lọ. Nígbà tí mo délé, mo rí i pé àwọ̀ oògùn náà yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Mo ní bóyá irú mìíràn ni wọ́n gbé dé. Àbí ta ni mo fẹ́ bi?

Kò pẹ́ tí òógùn fi bẹ̀rẹ̀ sí í bò mí níbi tí oòrùn ò sí. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ojú mi ń ṣú. Màá ta abọ́ fún oníbàárà tán, mi ò ní rántí ohun tó rà. Àwọn tá a jọ ń pàtẹ ní ìrònú ọkọ mi ni, pé ilé ti dá jù fún mi. Mo sì gbà wọ́n gbọ́! Ìdánìkanwà ti pẹ́ lára mi débi tí mi ò mọ ìyàtọ̀ láàárín òun àti àìsàn mọ́.

Àfi ọjọ́ tí mò ń lọ rajà l'Ékòó. A ò tíì dé Ìtòrí tí gbogbo nǹkan fi ń yí mọ́ mi lójú. Ohun tí mo rántí ni ohùn dírẹ́bà tó ń sọ pé kí wọ́n sọ ìyá yìí kalẹ̀, òun ò fẹ́ kó kú sínú mọ́tò òun. Wọ́n gbé mi kalẹ̀, mọ́tò lọ. Nínú gbogbo èrò inú rẹ̀, kò sẹ́ni tó bá mi sọ̀.

Àwọn obìnrin kan tó ń yan gààrí nítòsí títì ló gbé mi lọ sí ọsibítù kékeré tó wà níbẹ̀. Agùnbánirọ̀ ni dókítà wọn, ọmọ Ìbò tí kò gbọ́ Yorùbá. Wọ́n po ṣúgà mọ́ omi, wọ́n ń fi ṣíbí bù ú sí mi lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ojú mi là, dókítà náà ní kí n fi oògùn tí mò ń lò han òun. Ó wà nínú báàgì mi. Ó yẹ̀ ẹ́ wò títí, ó wá ní kí nọ́ọ̀sì bi mí pé:

"Màmá, ìgbà wo ni wọ́n sọ fún yín pé ẹ ní àtọ̀gbẹ?"

"Àtọ̀gbẹ kẹ̀? Èmi? Ẹ̀jẹ̀ ríru ni tèmi o!"

Dókítà mirí. Ó ní oògùn tó ń fa ṣúgà ara wálẹ̀ ni mò ń gbé mì láràárọ̀, pé bí mo bá ń lò ó lọ, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí mi ò ní jí.

Mo padà sílé, mo ránṣẹ́ sí Alhájì, àbúrò ọkọ mi tó jẹ́ olórí ẹbí, pé kí wọ́n bá mi lọ rí dókítà. Wọ́n wá lóòótọ́, àmọ́ ìbínú ni wọ́n bá wá. Wọ́n ní ṣé mo ti gbàgbé ohun tí dókítà ṣe fún ẹ̀gbọ́n wọn ni? Ọ̀rọ̀ ọmọdé tí kò tíì hu irùngbọ̀n ni mo fẹ́ gbé lọ bá àgbàlagbà?

"Ìyá Ìbejì, ẹ ṣáà ń mí. Ẹ fi sílẹ̀ fún Ọlọ́hun. Tẹ́ ẹ bá lọ, kì í ṣe ẹbí wa ló rán yín o."

Wọ́n ki ẹsẹ̀ bọ bàtà wọn, wọ́n lọ. Mo bẹ ọ̀rẹ́ mi kan ní ìsọ̀ pé kó sìn mí. Ó ní ọsibítù yẹn ni ọmọ òun fẹ́ bímọ sí, òun ò fẹ́ kí wọ́n máa fi ojú burúkú wò ó. Ó dáa. Èmi nìkan lọ.

Nọ́ọ̀sì ojú fèrèsé ni mo kọ́kọ́ ṣàlàyé fún. Ó ní oògùn ẹlòmíràn ni mo ṣèèṣì lò nílé. Nílé tí èmi nìkan ń gbé! Mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi rọra ń sún kúrò, àfi bíi pé ẹjọ́ máa ń ranni. Wọ́n ń pe àwọn tó dé lẹ́yìn mi wọlé. Mo rò ó pé kí n kúkú dìde kí n máa lọ. Ta ni ì bá mọ̀?

Ibẹ̀ ni mo wà tí nọ́ọ̀sì kígbe pé, "Ìyá Bọ̀sẹ̀!" Obìnrin méjì ló dìde. Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ìyá Ìbejì mélòó wá ló wà nílùú yìí?

Mi ò dúró kí wọ́n pè mí mọ́. Mo ṣílẹ̀kùn dókítà, mo wọlé, mo kúnlẹ̀ kí wọn. Inú wọn ò dùn. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́ pé mò ń ba orúkọ àwọn jẹ́.

"Dókítà, ẹ dákun," mo ní, "ẹ jẹ́ ká fi tèmi sílẹ̀. Èmi ò kú. Bó bá jẹ́ pé oògùn ẹlòmíràn ló wà lọ́wọ́ mi, ọwọ́ ta ni tèmi wà? Ṣé ẹ ní Ìyá Ìbejì mìíràn tó ní àtọ̀gbẹ?"

Wọ́n yọ awò ojú wọn. Nígbà tí wọ́n máa sọ̀rọ̀, bíi pé ara wọn ni wọ́n ń bá sọ ọ́: "Ìyá Ìbejì tó ń ti oko wá. Kò tíì padà wá." Ni wọ́n bá mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Wọ́n ní kí n jẹ́ ká lọ.

Abúlé náà wà nínú oko lẹ́yìn Ìtòrí. Màrìwò wà lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn. Gbogbo ará ilé ti lọ sóko, òun nìkan ló dùbúlẹ̀ lórí ẹní, egbò ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń rùn. Ère ìbejì méjì wà níbi ìrọ̀rí rẹ̀, wọ́n fi osùn pa wọ́n. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé àwọn ìbejì tirẹ̀ ti kú.

Ó bi mí pé ta ni mí.

"Èmi ni Ìyá Ìbejì."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Èmi náà ni."

Ó ní òun sọ fún wọn nílé pé oògùn náà kò rí bí ti àtẹ̀yìnwá. Wọ́n ní àìsàn ló ń dà á láàmú. Kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Dókítà fúnra wọn ló gbé e sínú mọ́tò lọ sí ọsibítù ìjọba. Wọ́n gé ẹsẹ̀ kan, ṣùgbọ́n ó yè, alhamdulilahi! Nígbà tí wọ́n ń gbé mi padà sílé, dókítà tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi nínú mọ́tò. Omi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní láti ọjọ́ náà, orúkọ àti àdúgbò aláìsàn ni wọ́n á máa pè níbi fèrèsé. Wọ́n sì ṣe bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ta ló wà nínú mọ́tò tó gbọ́ ọ? Àwa méjì péré. Ohun tó tàn kálẹ̀ nígboro ni pé Ìyá Ìbejì Òwu ya aláìmoore. Ẹran Iléyá ọdún náà, wọn ò gbé e dé ọ̀dọ̀ mi láti ilé Alhájì. Ọ̀rẹ́ mi ń kí mi, kò kàn dúró mọ́ ni. Bí mo bá ní kò dùn mí, irọ́ ni mò ń pa.

Mo máa ń lọ kí Ìyá Ìbejì kejì lábúlé. A kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, a kàn máa ń jókòó. Òun náà ti dágbére fáyé báyìí.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́? Níbi tí wọ́n bá ti ń fún yín lóògùn, ẹ pe orúkọ yín jáde, orúkọ gidi, kẹ́ ẹ sì béèrè ohun tí oògùn náà wà fún. Kì í ṣe àfojúdi! Bí ó bá sì di pé ẹ fẹ́ sọ òótọ́ tí kò sẹ́ni tó fẹ́ sìn yín, ẹ máa lọ. Ọ̀nà náà dá o, mi ò ní tàn yín. Àmọ́ ẹnì kan lè wà lórí ẹní níparí rẹ̀ tó ń retí yín láìmọ̀.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti dá ẹjọ́ tirẹ̀ rò rí nínú yín, tí gbogbo èèyàn ní kó dákẹ́? Ẹ sọ ọ́ fún mi, kó gùn bó bá ṣe fẹ́ gùn. Mo ráyè gbọ́ ọ. Kò sí èrò nílé mi.