Iṣu Tuntun Jáde, Géèmù Kò Jáde

Títí di òní, bí mo bá gbọ́ òórùn epo bẹntiróòlù tó ń jó nínú jẹnẹrétọ̀ kékeré, ọkàn mi a padà sí Òtu, sí ṣọ́ọ̀bù géèmù kan tó dojú kọ ọ́fíìsì káńsù. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ nígbà náà, mò ń dúró de iṣẹ́ ìjọba, iṣẹ́ ìjọba kò sì mọ̀ pé ẹnì kan ń dúró de òun. Ọ̀dọ̀ ìyá mi ni mò ń gbé, mò ń jẹ, mò ń mu, mò ń ra détà. Ohun kan ṣoṣo tí mo rò pé mo mọ̀ ju gbogbo ìlú lọ ni ọ̀rọ̀ géèmù.

Kì í ṣe géèmù bọ́ọ̀lù tí gbogbo ayé ń gbá o. Èyí tí mò ń wí jẹ́ ti jagunjagun kan tó gun ẹṣin la aṣálẹ̀ kọjá, tó ń wá ẹni tó dáná sun abúlé rẹ̀. Ẹni tó bá gbá a dé òpin á rí i tí ọkùnrin náà sọ̀kalẹ̀ níwájú ilé kan, tó kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹnikẹ́ni kò dáhùn. Ilẹ̀kùn á ṣí díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á yọ, ó parí. Àwọn tó ṣe é ní ká máa retí apá kejì. A retí, a retí, ojú wa fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́. Jákèjádò ayé ni wọ́n ti ń jiyàn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì nípa ẹni tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn, àwa náà sì ń jiyàn tiwa ní Òtu, bí ẹni pé ìpinnu wa ni àwọn tó ń ṣe é ń dúró dè.

Èmi ni mò ń mú ìròyìn wá, èmi náà ni mò ń túmọ̀ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé fíìmù kékeré kan jáde láti fi mú wa lọ́kàn le, tí àwọn ẹyẹ kan fò kọjá nínú rẹ̀, mo ka ẹyẹ méje, mo ní oṣù Keje ni géèmù yóò jáde. Onígéèmù, ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù, ka mẹ́jọ lórí tẹlifíṣọ̀n tirẹ̀, ó ní oṣù Kẹjọ ni. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko la fi jiyàn, ohùn mi há, kí ẹnì kan tó fi èékánná ha ẹyẹ kẹjọ kúrò lójú tẹlifíṣọ̀n. Ìgbẹ́ eṣinṣin ni.

Ọ̀rẹ́ mi kan wà tó jẹ́ télọ̀, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti géèmù. Òun gbà ní tirẹ̀ pé apá kejì kò ní jáde láéláé. “Mo mọ irú wọn,” ó ní. “Bí èmi náà ṣe ń ṣe nìyẹn tí mo bá ti gba aṣọ Iléyá ju agbára mi lọ. Bí mo bá ní kó o padà wá lọ́la, kì í ṣe ọ̀la.” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, inú bí mi.

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo dìde lórí bẹ́ǹṣì, mo ní bí iṣu tuntun ọdún yẹn bá jáde kí géèmù tó jáde, n ó kọ igba ebè ní oko bàbá rẹ̀. Télọ̀ ní bí géèmù bá ṣáájú iṣu, òun náà á kọ igba ebè ní oko mi. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún wa. Kò sẹ́ni tó rántí béèrè oko mi dà. Tíṣà ni bàbá mi tó ti dolóògbé, ebè tí mo kọ gbẹ̀yìn sì jẹ́ ti ọgbà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, níbi tí àgbàdo mẹ́ta péré ti hù fún mi.

Àlùfáà àdúgbò tó wá mú fóònù rẹ̀ tó ń gba iná jẹnẹrétọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù gbọ́ ohun tí a sọ. Ó ní tẹ́tẹ́ ni, haramu ni. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ṣe dé etí Bàbá Télọ̀. Orúkọ tí gbogbo àdúgbò ń pè é nìyẹn, àgbẹ̀ oníṣu ni, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó pe àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó.

“Àlùfáà, ẹ má bínú,” ó ní. “Àwọn ọmọ yìí kò mọ orúkọ ohun tí wọ́n ń ṣe ni. Àáró ni. Ọdọọdún tí iṣu bá ti ṣáájú, èyí á wá bá wa kọ ebè. Ọjọ́ tí nǹkan tí wọ́n ń retí yẹn bá dé, ọmọ mi á san gbogbo rẹ̀ padà fún un.”

Àlùfáà ronú sí i. Ó ní bó bá jẹ́ àáró, kò burú.

Iṣu tuntun jáde, géèmù kò jáde. Wọ́n sún un sí ọdún tó tẹ̀ lé e. Nígbà tó di àrọ̀kúrò òjò, tí ilẹ̀ ṣì rọ̀, mo tẹ̀ lé Bàbá lọ sóko, mo wọ bàtà funfun. Kí oòrùn tó mú, mo ti kọ ogún ebè, mo ti dùbúlẹ̀. Bàbá yí àwọn ebè mi po, ó wò wọ́n dáadáa. “Ṣé ebè nìyí, àbí sàréè ológbò?” Iṣẹ́ òòjọ́ ni igba ebè fún àgbẹ̀ tó mọṣẹ́. Ọjọ́ mẹ́fà ni mo fi kọ ọ́, n kò lè di ọwọ́ mi méjèèjì fún ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀.

Níbi tí a ti ń jẹ iṣu sísun lábẹ́ igi ló ti bi mí pé kí ni nǹkan ọ̀hún gan-an. Mo ro ìtàn náà fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ní àwọn kan ní ọ̀tá rẹ̀ ló wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, àwọn mìíràn ní àbúrò rẹ̀ tí wọ́n rò pé ó ti kú ni, àwọn ọ̀mọ̀wé inú wọn sì ní jagunjagun náà fúnra rẹ̀ ni.

“Ẹ̀ẹ̀mẹta ló kanlẹ̀kùn?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.”

“Wọn ò dáhùn?”

“Wọn ò dáhùn, sà.”

“Ẹni inú ilé ń jẹun ni,” Bàbá wí. “Ẹnu rẹ̀ kún.”

Mo fi ọwọ́ bo ẹ̀rín mi. Nígbà tí mo délé, mo gbé èrò Bàbá sórí íńtánẹ́ẹ̀tì kí àwọn ẹgbẹ́ mi lè bá mi rẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín dáadáa.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́dún kejì àti lọ́dún kẹta. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Bàbá á dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. “Ṣé wọ́n ti sún un?” Bí mo bá ní wọ́n ti sún un, á ní “Alihamudulilahi.” Á wá gbé ọwọ́ méjèèjì sókè pé kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó jáde lọ́dún yìí, àwọn àgbààgbà tí kò mọ ohun tó ń wí á sì dáhùn pé “Àmín.” Èmi nìkan ni mo máa ń pa ẹnu mọ́.

Ṣùgbọ́n mo ti mọ ohun tó wà nídìí àdúrà náà. Kí n tó dé, ọdọọdún ni Bàbá ń dín oko rẹ̀ kù. Ẹ̀yìn ń dùn ún, àwọn ọmọ yòókù wà ní Ìbàdàn, télọ̀ sì ní ọwọ́ tó ń di abẹ́rẹ́ mú kò gbọdọ̀ di ọkọ́ mú. Láti ìgbà tí mo ti ń bọ̀, ó ti ṣán ilẹ̀ tuntun kan. Ó gé igun kan fún èmi náà níbẹ̀, ó ní ibẹ̀ ni ọmọ òun á ti san àáró mi. Ojú tì mí láti máa wo ilẹ̀ náà lófìfo, mo bá fúnra mi kọ́kọ́ kọ ebè síbẹ̀.

Lọ́dún kẹrin, nígbà tí iṣu ṣì wà nínú ebè, géèmù jáde lóòótọ́. Ọ̀sán ni onígéèmù tàn án, ṣọ́ọ̀bù kún dé ojú títì. Jagunjagun kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹta. Ilẹ̀kùn ṣí. Ìyá arúgbó kan ló jókòó níbẹ̀, abọ́ wà lórí itan rẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún. Ó na ìka sókè pé kí àlejò ní sùúrù, kí òun gbé e mì ná.

Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i. Mo dìde, mo ń lọ. Télọ̀ dì mí ní ṣẹ́ẹ̀tì mú.

“Jọ̀ọ́, má sọ fún Bàbá. Ẹgbẹ̀ta ebè! Ṣé o fẹ́ pa mí ni?”

Èmi náà mọ̀ pé bí mo bá ti sọ ọ́, àáró parí nìyẹn, ilẹ̀ tuntun náà sì parí. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ayé, ẹnì kan ṣoṣo ló sọ ohun tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn náà gẹ́lẹ́, kò sì mọ̀ pé òun ti sọ òótọ́. Báwo ni èèyàn ṣe fẹ́ gbé irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ mì? Mo gun ọ̀kadà lọ sóko.

Mo bá a níbi tó ti ń gbé ọwọ́ iṣu gun igi. “Bàbá, ẹni inú ilé ń jẹun!”

Kò kọ́kọ́ yé e. Nígbà tó yé e, ó lu itan rẹ̀. “Mo wí! Ṣé ó gbé abọ́ pamọ́?”

“Kò gbé e pamọ́, sà.”

“Ọmọlúàbí ni, nígbà náà.” Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un, ó jókòó sórí ebè kan. Ó ṣe díẹ̀, ẹ̀rín náà tán. “Ó ti jáde nìyẹn.”

“Ó ti jáde, Bàbá.”

“Kò burú. Ọmọ mi yóò san àáró rẹ.” Ó wo ilẹ̀ tuntun náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. “Èyí á padà di igbó.”

Ó dùn mí ju ìgbàkígbà tí wọ́n sún géèmù síwájú lọ. Ẹnu mi tó ti kó mi sí ọ̀ràn tẹ́lẹ̀ sì tún là.

“Apá kẹta ń bọ̀, sà,” mo ní. Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ níbì kankan láyé. “Lọ́dún tó ń bọ̀, kí iṣu tuntun tó jáde. Bí kò bá jáde, igba ebè.”

Bàbá wò mí lójú. “Ó dá ọ lójú?”

“Ó dá mi lójú.”

“Kò ní jáde,” ó wí, ó sì na ọwọ́ sí mi kí n fà á dìde.

Télọ̀ kọ ẹgbẹ̀ta ebè rẹ̀ pé, àwọn oníbàárà rẹ̀ sì bú u títí wọ́n fi gba aṣọ wọn. Iṣẹ́ ìjọba náà rántí mi nígbẹ̀yìn, Ìsẹ́yìn ni mo ti ń kọ́ni báyìí, ṣùgbọ́n bí àrọ̀kúrò òjò bá ti dé, Òtu ni wọn yóò ti bá mi. Bàbá kò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́. Orí àga lábẹ́ igi ló máa ń jókòó sí, tó ń sọ fún mi pé ebè mi wọ́. Àwọn tó ṣe géèmù kò tíì dárúkọ apá kẹta rí. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Bàbá ṣì ń gbé ọwọ́ méjèèjì sókè pé kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó jáde lọ́dún yìí. Àwọn àgbààgbà á dáhùn pé “Àmín,” ṣùgbọ́n tèmi ló ń kọ́kọ́ dún.