Ọ̀dà Ọkọ̀ Akọ̀wé

Tí mo bá rí ẹni tó ń nu ọkọ̀, àbúrò ọkọ mi ni mo máa ń rántí. Akọ̀wé ni mo ń pè é, ìyàwó ilé kì í kúkú pe orúkọ. Láyé tí òṣìṣẹ́ ìjọba ṣì lè ra ọkọ̀ tuntun ló ra tiẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde. Kò lè jẹun tán kó má dìde lọ wò ó. "Ìyàwó, má fara tì í o, ọ̀dà ẹ̀ á họ!"

Lọ́jọ́ kan, ìyá ọkọ mi dé láti Ìmùṣin. Ògún ni Màmá ń bọ. Wọ́n ta epo pupa sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń ṣàdúrà kí ọkọ̀ náà má pa ọmọ wọn lára. Àdúrà ò tíì parí tí Akọ̀wé ti ń nu epo kúrò, ó ní oòrùn á mú kó ba ọ̀dà jẹ́.

Màmá gbé agbọ̀n wọn, wọ́n fẹ́ máa lọ.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n gbé yín délé."

"Rárá o, kí ẹsẹ̀ oko mi má baà kó ìdọ̀tí bá ọkọ̀ ẹ."

Wọ́n wọ bọ́ọ̀sì. Akọ̀wé ń fi ọkọ̀ ẹ̀ lé bọ́ọ̀sì náà lọ nínú eruku, ó yọrí lójú fèrèsé: "Màmá, ẹ dúró! Ẹ wá ta epo mìíràn sí i!"